Pupa Ẹ̀jẹ̀, Pupa Ẹyin

Ní oṣù kejì ọdún 2019, lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Oǹdó, mo wa ọkọ̀ mi títí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fi bàjẹ́ pátápátá. Iná ìkìlọ̀ ń tàn níwájú mi, mo rí i, mo tiẹ̀ pe mẹkáníìkì mi lórí fóònù kí n tó tẹ̀síwájú. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ṣi èmi àti òun lọ́nà, ọ̀rọ̀ tí àwa méjèèjì ti ń sọ láti kékeré: "pupa."

Tíṣà ni mí. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló máa ń wálé, nítorí náà ọwọ́ mi ni ọkọ̀ máa ń wà. Ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni mo máa ń lọ sí Oǹdó lọ wo bàbá mi ní àdúgbò Yàbá. Dẹ́rẹ́bà lọ́rì kòkó ni bàbá mi nígbà ayé iṣẹ́ wọn. Bedford ni wọ́n wà, wọ́n ń kó kòkó láti Oǹdó lọ sí Ìbàdàn àti Èkó, ní àkókò tí aago díẹ̀ péré ló wà níwájú dẹ́rẹ́bà, tí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í sì í ṣiṣẹ́. Etí ni wọ́n fi ń wakọ̀. Wọ́n á ní ohùn gíà yìí ti yí padà, ẹ gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń mí. Nísinsin yìí ojú wọn ti ṣókùnkùn tán, ṣùgbọ́n etí yẹn ṣì wà.

Lọ́jọ́ Sátidé yẹn, mo dẹsẹ̀ dúró ní Ọ̀wẹnà láti ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà. N kò pa ẹ́ńjìnnì. Bí mo ṣe ń na owó sí obìnrin tó ń tà á, mo rí i tí iná kan ṣẹ́jú nínú dáṣíbọ́ọ̀dù: àwòrán kan tó dà bíi kẹ́tùlù tí àwọn Mùsùlùmí fi ń ṣe àlùwàlá, tí ẹ̀kán omi kan ń já bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Mo tẹ tọ́rọ́túùlù díẹ̀, iná náà kú. Mo gbé ẹsẹ̀, ó tún tàn. Mo pe mẹkáníìkì mi.

"Ẹ káàsán o, ọ̀gá. Iná kan mà ń tàn nínú ọkọ̀ yìí."

"Ẹ káàsán, Àǹtí Tíṣà. Irú iná wo?"

"Iná pupa kan ni. Ó ń tàn, ó ń kú."

"Ṣé ọkọ̀ ń gbóná ni?"

"Kò gbóná."

"Ṣé ó ń fà dáadáa?"

"Ó ń fà."

"Ẹ má dààmú ara yín. Check engine yẹn náà ni. Ẹ máa lọ, bó bá di ọjọ́ Ajé, ẹ gbé e wá kí n wò ó."

Òótọ́ ni pé iná check engine ọkọ̀ náà, èyí tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ máa ń tàn bí ó bá rí àléébù kan, ti ń tàn láti ọjọ́ tí a ti rà á ní Tòkunbọ̀. Òun náà mọ̀ ọ́n, ó ti bá mi pa á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì tún tàn padà. Iná yẹn rí bí epo pupa tí wọ́n bù sínú ìgò. Àwọn òyìnbó á ní yẹ́lò ni. Lẹ́nu èmi àti mẹkáníìkì mi, pupa ni.

Mo ti gíláàsì, mo tan éèsì, mo sì ń lọ. Lẹ́yìn Bọ́lọ́rundúró, kẹ́tùlù náà kò kú mọ́, bí mo tẹ̀ ẹ́ bí n kò tẹ̀ ẹ́. Mo sọ fún ara mi pé mẹkáníìkì ti ní kò sí nǹkan kan. Nígbà tí mo máa fi wọ àgbàlá bàbá mi, wọ́n wà lórí àga nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. N kò tíì gbé ọkọ̀ dúró tí mo fi gbọ́ ohùn wọn: "Pa á! Pa ọkọ̀ yẹn! Pa á báyìí!"

Mo pa á. Wọ́n na ọ̀pá síwájú, wọ́n wá títí ọwọ́ wọn fi kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní, "Irin ti ń jẹ irin nínú rẹ̀. Láti ìgbà wo?"

Mẹkáníìkì tí a pè ní Oǹdó fa gééjì ọ́ìlì yọ, ó gbẹ fúrúfúrú. Ìwọ̀nba díẹ̀ tó ṣẹ́kù nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì ni ó tú sínú ike, ó gbé e sójú oòrùn, ohun kan sì ń dán nínú rẹ̀ bí iyẹ̀pẹ̀ etí odò. Bíárìn ni, irin tí irin mìíràn ń yí lórí rẹ̀, tó ti lọ̀ kúnná. Kránkì, ọ̀pá irin tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì, ti ha. Ẹ́ńjìnnì mìíràn la rà. Owó àjọ tí mo ti dá fún ọdún kan láti fi tún òrùlé ilé bàbá mi ṣe ló bá a lọ, òjò ọdún yẹn sì bá ilé náà bó ṣe wà.

Ohun tó yẹ kí n mọ̀ kò ju báyìí lọ. Pọ́ǹpù kan wà nínú ẹ́ńjìnnì tó ń fa ọ́ìlì láti ìsàlẹ̀, tó ń tì í pẹ̀lú agbára lọ sí gbogbo ibi tí irin ti ń yí lórí irin. Awọ tín-ín-rín tí ọ́ìlì náà tẹ́ sáàárín wọn ni kì í jẹ́ kí wọ́n fara kanra. Kẹ́tùlù pupa yẹn ń sọ pé agbára tí ó ń ti ọ́ìlì ti lọ sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ọ́ìlì ṣe pọ̀ tó kọ́ ni ó ń wọ̀n, agbára rẹ̀ ni. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí jẹ́ẹ́jẹ́, pọ́ǹpù náà á máa yí jẹ́ẹ́jẹ́, agbára á sì lọ sílẹ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí iná fi kọ́kọ́ ń ṣẹ́jú nígbà tí mo dúró, tí ó sì ń kú nígbà tí mo bá tẹ̀ ẹ́. Ní Ọ̀wẹnà, ọ́ìlì ṣì wà níbẹ̀ díẹ̀. Ká ní mo pa ẹ́ńjìnnì níbẹ̀, tí mo fa gééjì yọ, tí mo bẹ ọlọ́kadà kan kí ó lọ bá mi ra gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì kan wá, ó ṣeé ṣe kí ẹ́ńjìnnì náà yè. Iná yẹn kì í fúnni ní wákàtí. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ń fúnni, mo sì fi tèmi wa ọkọ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, mẹkáníìkì mi wá bá mi nílé ní Òkè Àró. Mo ti múra láti bínú sí i. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí mi, ó ní, "Àǹtí Tíṣà, ẹ ní pupa." Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mo ní pupa." Ó wọ ọkọ̀ aládùúgbò mi, ó yí kọ́kọ́rọ́ láì sítáàtì, gbogbo iná dáṣíbọ́ọ̀dù tàn. Ó fi ìka kan kẹ́tùlù: "Èyí, pupa." Ó fi ìka kan check engine: "Èyí náà ńkọ́?" Mo wò ó títí. Pupa ni. Ìbínú mi kò rí ibi tó máa dúró sí mọ́.

Mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá láti ọdún pípẹ́, mo sì mọ̀ pé ní ìpìlẹ̀ èdè wa, dúdú, funfun àti pupa ni òpó mẹ́ta tí àwọ̀ dúró lé. Ṣùgbọ́n n kò rò ó rí pé ìmọ̀ yìí lè kan ẹ́ńjìnnì ọkọ̀. Ẹ wo iye nǹkan tí pupa gbà mọ́ra. Ẹ̀jẹ̀ pupa. Epo pupa. Inú ẹyin, pupa ẹyin là ń pè é. Ẹni tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, a ní ó pupa. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ́n, ata pọ́n, ọsàn pọ́n, ojú ẹni tó sunkún pọ́n, bẹ́ẹ̀ sì ni ibà tó ń sọ ẹyinjú di yẹ́lò, ibà pọ́njú ni. Èdè wa kò ṣe àìtó o. Bí a bá fẹ́ yà wọ́n sọ́tọ̀, a ní pupa fòò, a ní pupa rúsúrúsú. A kì í sábà fẹ́ yà wọ́n ni, nítorí ní ọjà àti ní oko, kò sí ohun tó ń kú nítorí pé a kò yà wọ́n.

Nínú dáṣíbọ́ọ̀dù, àlàfo àárín pupa méjèèjì ni ẹ̀mí ọkọ̀ wà. Àwọn tó ṣètò àwọn àmì yìí kárí ayé, tí ìlànà wọn wà nínú ìwé tí wọ́n ń pè ní ISO 2575, jẹ́ kí àwọ̀ sọ̀rọ̀ kí àwòrán tó sọ. Pupa tòótọ́ túmọ̀ sí pé ewu ti dé, wá ibi tó dára lẹ́bàá ọ̀nà, dúró. Yẹ́lò túmọ̀ sí pé nǹkan kan kò lọ bó ṣe yẹ, o lè máa lọ, ṣùgbọ́n má jẹ́ kó pẹ́. Àwọ̀ ewé àti àwọ̀ aró, ohun tí ìwọ fúnra rẹ tàn ni wọ́n sábà máa ń jẹ́, bíi fúlù láìtì tó máa ń yọ àwọ̀ aró. Ọkọ̀ mìíràn tiẹ̀ wà tó ní kẹ́tùlù méjì. Kẹ́tùlù yẹ́lò ń sọ pé ọ́ìlì ń lọ sílẹ̀, fi kún un. Kẹ́tùlù pupa ń sọ pé pa mí. Àwòrán kan náà, ọ̀rọ̀ méjì.

Bàbá mi ló yanjú rẹ̀ fún wa. Nígbà tí mo ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín èmi àti mẹkáníìkì, wọ́n dákẹ́, wọ́n wá ní, "Ẹ pè é ní pupa ẹ̀jẹ̀ àti pupa ẹyin. Ẹ̀jẹ̀ kì í dà sílẹ̀ kí èèyàn máa rìn lọ. Ẹyin, o lè gbé e délé, ṣùgbọ́n o ò ní jù ú sókè." Láti ọjọ́ náà ni mẹkáníìkì mi ti ń bi gbogbo oníbàárà rẹ̀ lórí fóònù: pupa ẹ̀jẹ̀ ni àbí pupa ẹyin? Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ náà. Inú mi dùn sí i ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

A kò dúró níbẹ̀. Nítorí pé bàbá mi kò ríran, èmi ni mo ní láti sọ bí iná kọ̀ọ̀kan ṣe rí fún wọn, àwọn á sì fún un lórúkọ. Ọ̀pọ̀ ìrọ̀lẹ́ la fi ṣe é, ìwé ọkọ̀ náà lórí itan mi, tí mo ń fi ẹnu ya àwòrán fún ọkùnrin tó wakọ̀ fún ọdún tó ju ogójì lọ. Iná ìgbóná, tó dà bí nǹkan eléyín mẹ́ta tó dúró sínú ìgbì omi, wọ́n sọ ọ́ ní Kọ́kọ́rọ́-ń-wẹ̀. Ti bíréèkì, àmì ìyanu nínú òrùka: wọ́n ní kí n sọ bí àmì ìyanu ṣe rí, mo ní igi kan tó nà ró, tí kóró kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ odó ni yẹn, ó ń gún ọkà kan." Ó di Ọmọ-odó-nínú-òrùka. Ti atẹ́gùn táyà, níbi tí ọmọ odó kan náà ti dúró sínú nǹkan tó là lókè, di Ọmọ-odó-nínú-ìkòkò. Ti ààbò dẹ́rẹ́bà, àpò atẹ́gùn tí àwọn ẹlòmíràn ń pè ní airbag, di Ẹni-gbé-bọ́ọ̀lù. Ti bátìrì di Àpótí. Check engine nìkan ni wọ́n kọ̀ láti fún lórúkọ. Wọ́n ní iná tó ń sọ gbogbo nǹkan pọ̀, kò tíì sọ nǹkan kan.

Bàbá mi ni wọ́n rán mi létí àrokò. Ní ayé àtijọ́, ẹni tó bá rán owó ẹyọ mẹ́fà sí ọ, ohun tó ń sọ wà nínú orúkọ iye náà: ẹ̀fà, ọkàn mi fà sí ọ. Ẹyọ mẹ́jọ, ẹ̀jọ: ọ̀rọ̀ wa jọ. Ẹni tí a fi rán lè má mọ ohun tó gbé dání. Ẹni tí a rán an sí ló gbọ́dọ̀ mọ̀, ó sì mọ̀ nítorí pé ètè òun fúnra rẹ̀ ló máa pe nǹkan náà kí ìtumọ̀ tó jáde. Mo rò pé ibí ni àmì dáṣíbọ́ọ̀dù ti ń bọ́ lọ́wọ́ wa. Àrokò ni, ṣùgbọ́n a kò ní ohun tí ẹnu wa ń pè é, nítorí náà a kì í lè sọ ọ́ fún ara wa. Ẹni tó wà lẹ́bàá ọ̀nà nínú òkùnkùn kò lè fi àwòrán ránṣẹ́ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò bá sí. Ohùn ló ní.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, lójú ọ̀nà Ìdànrè, Kọ́kọ́rọ́-ń-wẹ̀ tàn, pupa ẹ̀jẹ̀. Mo pa éèsì, mo yà kúrò lójú títì, mo pa ẹ́ńjìnnì. Ọlọ́kadà kan dúró, ọmọ tó lójú àánú, ó fi aṣọ di ọwọ́ kí ó bá mi ṣí ìdérí rédíétọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀. Omi inú rẹ̀ wà lábẹ́ ìfúnpá, ìfúnpá yẹn ni kì í jẹ́ kó hó bó tilẹ̀ gbóná kọjá ọgọ́rùn-ún dígíríì. Bí ìdérí bá ṣí, ìfúnpá lọ, gbogbo rẹ̀ á hó lẹ́ẹ̀kan náà, á sì ru sí ojú àti àyà ẹni tó ṣí i. Mo ti rí apá ọmọ iṣẹ́ kan tí ó bó báyìí. A jókòó sábẹ́ igi fún bíi ìṣẹ́jú márùnlélógójì, a ń wo òkè. Nígbà tó tutù, a rí i pé ìdè kan tó di ọ̀pá rọ́bà mú ló tú, omi sì ń jò. Sìkúrúdíráfà ọlọ́kadà náà ló fi dè é padà. Mo bu omi tó wà nínú ọkọ̀ kún un, mo sì rọra lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì.

Nǹkan méjì wà nípa iná yẹn tí mo máa ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́. Àkọ́kọ́, bí omi bá ti tán pátápátá nínú ẹ́ńjìnnì, abẹ́rẹ́ ìgbóná lè má gòkè mọ́, nítorí pé inú omi ni séńsọ̀ rẹ̀ ti ń wọn ooru. Atẹ́gùn ló kù yí i ká. Nítorí náà bí abẹ́rẹ́ bá gòkè tó sì ṣàdédé wálẹ̀ tí ọkọ̀ kò sì ní agbára, má yọ̀. Èkejì, ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì níbí máa ń yọ thermostat dànù, ìyẹn ilẹ̀kùn kékeré tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná tó, wọ́n á ní oòrùn wa ti pọ̀ jù fún un. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ẹ́ńjìnnì ní ìgbóná tí wọ́n ṣe é fún, ní àyíká àádọ́rùn-ún dígíríì, bí kò bá dé ibẹ̀ á máa mu epo ju bó ṣe yẹ lọ. Àti pé omi kànga tí a ń dà sínú rédíétọ̀ ń dá ìpata sílẹ̀ nínú rẹ̀. Coolant, omi tí wọ́n ṣe fún rédíétọ̀, ní owó lórí, ṣùgbọ́n ó dín sí tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì.

Ti Àpótí, ẹlẹgbẹ́ mi kan níléèwé ló kọ́ mi. Ó ń bọ̀ láti Ọ̀wọ̀ lálẹ́, iná bátìrì tàn. Bátìrì tuntun ló wà nínú ọkọ̀ rẹ̀, ó rà á lóṣù tó kọjá, nítorí náà ó gbà pé iná náà ń ṣìnà. Nígbà tó fi máa dé Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, láìtì iwájú ti ń rẹ̀ bí fìtílà tí epo rẹ̀ ń tán, kò pẹ́ tí ọkọ̀ fi kú sí ojú ọ̀nà níbi tí kò sí iná kankan. Bátìrì rẹ̀ kò ní àrùn rí. Alternator tó ń bọ́ ọ ni kò ṣiṣẹ́ mọ́. Bátìrì tó kún tó sì sinmi máa ń wà ní àyíká fóltì (volt) 12.6, bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ tí alternator sì ń bọ́ ọ, ó yẹ kí ó wà láàárín 13.5 sí 14.5. Bí alternator bá ti kú, gbogbo láìtì, fáànù àti rédíò, ohun tó wà nípamọ́ ni wọ́n ń jẹ. Bí Àpótí bá tàn, pa éèsì, pa rédíò, má pa ẹ́ńjìnnì níbi tí o kò lè sùn, kí o sì wá ibi tí èèyàn wà. Àfi bí ìgbóná bá ń gòkè pẹ̀lú rẹ̀. Ìyẹn lè jẹ́ pé fáànù bẹ́lìtì ló já, bẹ́lìtì kan náà ló sì ń yí pọ́ǹpù omi nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Nígbà náà, kò sí ibi tí a ń lọ mọ́.

Bíréèkì kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí Ọmọ-odó-nínú-òrùka bá tàn ní pupa ẹ̀jẹ̀, kọ́kọ́ wò bóyá háńdì bíréèkì ló wà lókè. Bí kò bá sí lókè, ó ṣeé ṣe kí omi bíréèkì ti lọ sílẹ̀, má wa ọkọ̀ náà. ABS, ohun tí kì í jẹ́ kí táyà há bí a bá tẹ bíréèkì lójijì, ní tirẹ̀ jẹ́ pupa ẹyin: bíréèkì ṣì wà, ṣùgbọ́n bí o bá tẹ̀ ẹ́ lójijì lórí títì tútù, táyà lè yọ̀. Bí àwọn méjèèjì bá tàn pọ̀, pupa ẹ̀jẹ̀ ni kí a kà á sí.

Mo ti ṣèlérí fún mẹkáníìkì mi pé n óò sọ̀rọ̀ nípa check engine, nítorí ó ní òun ló ń da òun àti àwọn oníbàárà òun láàmú jù. Ọ̀pọ̀ Tòkunbọ̀ wa ń wá láti Amẹ́ríkà, òfin ibẹ̀ sì ti sọ ọ́ di dandan láti ọdún 1996 pé kí ọkọ̀ tuntun ní ihò ìsọ̀rọ̀ kan náà, ihò abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ní apá dẹ́rẹ́bà, ẹsẹ̀ mẹ́rìndínlógún ló ní. Ibẹ̀ ni réwáyà, ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, ń ti ẹ̀rọ sikáànì bọ̀. Ohun tó máa jáde jẹ́ lẹ́tà kan àti nọ́ńbà mẹ́rin. P0301: sílíńdà kìíní kò jó epo rẹ̀ dáadáa. P0171: atẹ́gùn pọ̀ ju epo lọ. P0420: ohun tó ń fọ èéfín nínú sàlẹ́ńsà kò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ mọ́, ìyẹn catalyst, tí àwọn kan tiẹ̀ máa ń gé tà lábẹ́ ọkọ̀ ẹni, tí ẹni tó ni ín kò ní mọ̀. P0455: afẹ́fẹ́ epo ń jò jáde níbi tó tóbi, ó sì lè jẹ́ pé ìdérí táǹkì ni wọn kò dé pa nílé epo.

Kóòdù ń tọ́ka sí ibi tó ń dunni ni. P0171 kò ní kí o ra séńsọ̀. Ó lè jẹ́ ọ̀pá rọ́bà kan tó la, ó lè jẹ́ fíltà epo tó dí. Réwáyà kan ní Àkúrẹ́ yìí ti ta séńsọ̀ mẹ́ta fún mi rí nítorí kóòdù kan, kí ẹlòmíràn tó rí ọ̀pá rọ́bà tó là náà. Àwọn mìíràn kò tiẹ̀ wá nǹkan kan. Wọ́n á tẹ bọ́tìnnì, wọ́n á pa kóòdù rẹ́, iná á kú, o máa sanwó, o máa dúpẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ bá ti yẹ ara rẹ̀ wò tán, á tún tàn. Ọdún méjì ni mo fi sanwó fún irú ìwòsàn bẹ́ẹ̀. Ó sì kọ́ mi ní ohun tó burú: ó kọ́ ojú mi láti fo iná tó ń tàn. Bí kì í bá ṣe ìyẹn, bóyá kẹ́tùlù ì bá ti bà mí lẹ́rù.

Ẹ jọ̀wọ́, ọ̀kan ṣì kù nípa rẹ̀. Bí check engine bá ń ṣẹ́jú, tí kò dúró sójú kan, tí ọkọ̀ sì ń gbọ̀n, kì í ṣe pupa ẹyin mọ́. Epo tí kò jó ń lọ sínú sàlẹ́ńsà, ó sì ń jó níbẹ̀. Ẹ dẹwọ́ kúrò lórí tọ́rọ́túùlù, ẹ wá ibi dúró.

Ní 2021 a ta ọkọ̀ náà, a lọ ra òmíràn. Ọkọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé wá fún wa mọ́ tónítóní, kò sí iná kankan tó ń tàn nínú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ọkọ mi ti ń mú owó jáde. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n yí kọ́kọ́rọ́ dé ibi tí wọ́n kọ ON sí, láì sítáàtì. Ó yẹ kí gbogbo iná ìkìlọ̀ tàn níbẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń fi hàn wá pé àwọn gílóòbù rẹ̀ ṣì wà láàyè. Kẹ́tùlù tàn. Àpótí tàn. Mo ń wá Ẹni-gbé-bọ́ọ̀lù, n kò rí i. Mo yí i padà, mo tún yí i. Check engine náà kò sí. Ẹnìkan ti tú dáṣíbọ́ọ̀dù, ó ti yọ gílóòbù àwọn méjèèjì kí ọkọ̀ lè dákẹ́ títí yóò fi tà. Mo wo ọkọ mi, mo ní, "Bàbá ọmọ mi, ọkọ̀ yìí ti yadi." A fi í sílẹ̀. Ó dùn mí fún ẹni tó máa rà á lẹ́yìn wa, nítorí bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀ tí airbag kò sì jáde, kò ní sí ẹni tó máa rántí gílóòbù kan tí wọ́n yọ.

Ọkọ̀ tí a rà ní ìgbẹ̀yìn ní iná kan tó ń tàn, Ọmọ-odó-nínú-ìkòkò. Àwọn ọkọ̀ Amẹ́ríkà láti 2008 ló sábà máa ń ní i, séńsọ̀ kan wà nínú rímù táyà kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí fọgánáísà bá ń fi irin tú táyà, ó máa ń fọ́. Ti tèmi ti fọ́ méjì, n kò sì tíì rówó pààrọ̀ wọn. Nítorí náà mo ń fi gééjì wọn atẹ́gùn ní gbogbo òwúrọ̀ Sátidé kí n tó gbéra, nígbà tí táyà ṣì tutù. Iná yẹn ń tàn, mo mọ ohun tó ń sọ, mo sì ń dá a lóhùn lọ́nà mìíràn títí owó yóò fi dé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo lọ gbé bàbá mi wá sí Àkúrẹ́ fún àyẹ̀wò ojú. Wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọ̀pá wọn láàárín orúnkún. Mo yí kọ́kọ́rọ́ dé ON, mo dúró.

"Kà á," wọ́n ní.

"Kẹ́tùlù wà. Àpótí wà. Ọmọ-odó-nínú-òrùka wà. Ẹni-gbé-bọ́ọ̀lù wà. Check engine wà."

"Sítáàtì rẹ̀."

Mo sítáàtì. Wọ́n gbé orí sókè díẹ̀, wọ́n kọ etí sí iwájú bí ẹni tó ń gbọ́ ohùn ẹnìkan nínú yàrá kejì. Mo ń wo bí àwọn iná náà ṣe ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Kẹ́tùlù ńkọ́?"

"Ó ti kú, Bàbá."

"Mo gbọ́ ọ," wọ́n ní, wọ́n sì fa bẹ́lìtì wọn wọ̀.